Ẹ̀rọ Orin Tó Gbé Ohùn Màmá Àgbà Mì

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìtìjú ti pọ̀ jù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá kan ní Sikọ́tílándì, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì méjì léra wọn, mo gbé kọ̀ǹpútà tí mo yá lé itan, mo so ẹ̀rọ orin kékeré kan mọ́ ọn, mo sì ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Jọ̀ọ́. Torí Ọlọ́run. Ẹ̀rọ dáadáa ni ẹ́." Ẹ̀rọ ò fèsì. Kọ̀ǹpútà ló fèsì: ó ní òun ò lè dá ẹ̀rọ náà padà sípò, kí n tún gbìyànjú. Ẹlẹ́ẹ̀kọkànlá nìyẹn lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ní Ìkòrò-Èkìtì, Injiníà ni wọ́n ń pè mí.

Ẹ̀rọ ọ̀hún ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tòkunbọ̀ ni. Ọwọ́ ẹnìkan tó ń tún fóònù ṣe ní Àrámọ̀kọ ni mo ti rà á nígbà tí mo wà ní pólì. Ó ń kọrin, ó sì ń gba ohùn sílẹ̀. Ohùn àwọn olùkọ́ ló yẹ kí n máa fi gbà sílẹ̀. Orin ni mo ń fi gbọ́, mo gbọ́ orin, mo gbọ́ orin, títí mo fi gbọ́ orin jáde kúrò nílé ìwé. Ọdún kejì ni mo kúrò. Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo kàn ṣíwọ́ lílọ, bí ẹni tó ṣíwọ́ jíjẹ ọbẹ̀ tó ti kan. Nílé, mo sọ fún bàbá mi pé mo ti parí. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, òun fúnra rẹ̀ kì í purọ́, nítorí náà kì í tètè dá irọ́ mọ̀. Ó pa adìyẹ fún ayẹyẹ. Mo jẹ itan méjèèjì.

Màmá Àgbà ló bí bàbá mi. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni, Ìkòrò ló ti lọ́kọ. Nínú agbo ilé tiwa, tí ẹnìkan bá kú, wọn kì í gbé pósí kọjá ẹnu ọ̀nà títí ìyàwó tó dàgbà jù nílé yóò fi ki òkú náà jáde. Alámọ̀ là ń pè é, ohùn kan tí àwọn obìnrin wa fi ń kọrin, tí wọ́n tún fi ń sunkún, tí wọ́n tún fi ń ki èèyàn, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, ìbá ti wọ aṣọ tán, kó ti wo aago lẹ́ẹ̀mẹ́rin, yóò dúró. Iṣẹ́ Màmá Àgbà nìyẹn. Ó kì ọkọ rẹ̀ jáde. Ó kì orogún rẹ̀ jáde, èyí tí wọn ò jọ sọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn ìyàwó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìlà méjì ni wọ́n mọ̀, lẹ́yìn ìyẹn wọ́n á ṣubú sínú kọ́rọ́ọ̀sì.

Òun náà sì mọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo ń kúrò nílé, ó pè mí wọ yàrá rẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn.

"Gbé ẹ̀rọ rẹ wá."

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ orin ni?"

"Orí rẹ ló fẹ́ gbọ́ orin. Mo ní ẹ̀rọ tó ń gbohùn. Èmi ni mò ń kì gbogbo wọn jáde nínú ulé yìí. Ta ni yóò wá kì mí?"

"Màmá, ẹ ò ní í kú."

"Ùwọ ọmọ yìí, má bẹ̀rẹ̀ ìsọkúsọ láàárọ̀. Tẹ̀ ẹ́."

Mo tẹ̀ ẹ́. Ó tún ọ̀fun ṣe, ó dijú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì ara rẹ̀ jáde. Ó pe ara rẹ̀ ní ọmọ olókè tí í fi kùrukùru bora. Ó dágbére fún ẹnu ọ̀nà, fún àdògán tó fi ń dáná, fún igi kòkó tó wà lẹ́yìn ilé. Ó dágbére fún bàbá mi tó wà níta tó ń fọ bàtà mi, tí kò mọ nǹkan kan. Nígbà tó parí, ó nu ojú, ó ní, "Èyí tèmi nìyẹn. Tọ́jú ẹ̀." Mo rò pé mo ti pa ẹ̀rọ. A jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ti jẹ́wọ́ fún un pé mi ò parí ìwé, pé mi ò tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Mi ò pa ẹ̀rọ. Lẹ́yìn tí mo dé ìlú òyìnbó, tí mo kọ́kọ́ tẹ́tí sí i, ni mo gbọ́ ohùn ara mi níparí rẹ̀, tó ń jẹ́wọ́ bí olè tí wọ́n mú nínú ọgbà. Láti ọjọ́ náà, bàbá mi, tí Màmá Àgbà ti sọ ọ́ fún, ń bẹ̀ mí títí kí n fi ránṣẹ́ sílé, kí wọ́n lè tọ́jú ẹ̀ sórí fóònù Àǹtí Fúnmi, àbúrò rẹ̀. Mo ní ó wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá ní ọ́fíìsì, kò séwu. Inú báàgì ló wà, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nínú ìbọ̀sẹ̀ kan.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibí ṣe rí. Ọjọ́ kejì tí mo dé, oòrùn yọ. Inú mi dùn, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo jáde. Mo dúró sínú oòrùn, òtútù ń pa mí. Mo gbójú sókè wò ó dáadáa. Mo rò pé oòrùn tiwọn ti bàjẹ́ ni.

Mo kí ọkùnrin kan nínú bọ́ọ̀sì, mo ní ẹ káàárọ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Mo kí i lọ́jọ́ kejì. Ó yí padà sí fèrèsé. Mo wá fi kíkí sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan, méjì, mo sì rí i pé ẹnu mi ń wúwo, bí ilẹ̀kùn tí wọn kì í ṣí. Nílé, láti ẹnu ọ̀nà wa dé ojú títì, màá ti kí èèyàn ogún, méjì nínú wọn á ti bú mi. Bíbú yẹn gan-an ń wù mí.

Iṣẹ́ wá ńkọ́? Mo sá fún oko iṣu ní Ìkòrò torí pé ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ wá wo ibi tí mo sá dé: ilé iṣẹ́ pòtétò. Pòtétò á máa kọjá lórí bẹ́líìtì, èmi á máa yọ èyí tó rà. Wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Èmi ń wo pòtétò, pòtétò ń wò mí. Tí bàbá mi bá pè, á ní, "Injiníà, báwo ni uṣẹ́?" Màá ní, "Ẹ̀rọ ńlá kan ni wọ́n fi sábẹ́ àbójútó mi, sà." Bẹ́líìtì kúkú ni ẹ̀rọ. Tó bá dúró, èmi ni mò ń pariwo pé ó ti dúró.

*

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí Màmá Àgbà wọlé sùn, ọjọ́ Mọ́ńdè, bàbá mi pè.

"Injiníà."

"Sà. Ẹ kú ìrọ́jú, sà."

"Fúráìdé la ó sin ín. Mo ti bá fíkà sọ̀rọ̀, ó ti gbà. Kí wọ́n tó gbé e jáde, a ó fi ohùn rẹ̀ sórí sípíkà, á kì ara rẹ̀. Ó tún sọ ọ́ fún mi kó tó lọ. Ó ní ọwọ́ rẹ ló wà."

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Fi ránṣẹ́ sí Fúnmi lónìí."

"Ọ̀la, sà. Ó wà... ọ́fíìsì ló wà."

Mo ń gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. "Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ń bọ̀ o. Mo ti sọ fún gbogbo ẹbí. Ó kì gbogbo ènìyàn jáde nínú ulé yìí. Kò gbọdọ̀ jẹ́ òun ni yóò jáde bí ẹni tí kò ní ẹnìkan."

Mi ò lè lọ sílé. Ìwé tí mo fi ń gbé níbí, tí mo bá jáde, ìta ni màá kù sí. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo tí mo lè ṣe fún ìyá tó tọ́ mi ni kí n fi ohùn tirẹ̀ fún un padà.

Mo fa ìbọ̀sẹ̀ yọ. Ó ti ju ọdún kan lọ tí mo ti tan ẹ̀rọ náà kẹ́yìn. Mo fi í sí ṣájì. Iná wọ̀ ọ́. Àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é yọ lójú rẹ̀. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àmì náà lọ. Ó tún yọ. Ó tún lọ. Ó ń yọ ó ń lọ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, tí kò rántí ohun tó jẹ́.

*

Ẹ wo Injiníà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ ìsinmi mi. Mo di bọ́tìnnì méjì mú títí àtàǹpàkò mi fi kú. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo pààrọ̀ ihò tí mo ń kì wáyà bọ̀. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mo gbá a mọ́ ẹsẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, bí a ti ń gbá rédíò nílé. Mo gbàdúrà sí i, mo fi ọwọ́ lé e lórí. Kọ̀ǹpútà wá sọ pé òun rí ẹ̀rọ kan tí kò gbádùn, ṣé kí òun dá a padà sípò? Ó kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sísàlẹ̀. Mi ò kà á. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe kàwé ní pólì náà nìyẹn.

Ó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan ń gùn, ó ń gùn, ó dé ìlàjì, ó dúró. Ó ní kò ṣe é ṣe. Mo tún tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó dé ìlàjì, ó dúró. Mo tún tẹ̀.

Gbóyèga, ọmọ Ìbàdàn tí a jọ ń gbé yàrá, tó ni kọ̀ǹpútà, ti ibi iṣẹ́ dé bá mi níbẹ̀.

"Injiníà Èkìtì! Kí lo ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mò ń dá a padà sípò."

"Ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀?"

"Láàárọ̀. Ó ń kọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ojú sí kọ̀ǹpútà. Ó kà á. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gbóyèga kì í fi ẹ̀rín sílẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí wọ́n lé e níbi iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́.

"Ìwọ, ṣé o ka ohun tó wà níbí?"

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí òun tó dá a padà sípò, òun máa nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Gbogbo ẹ̀. Ìgbà mélòó lo tẹ bẹ́ẹ̀ ni?"

Ara mi tutù ju ìta lọ. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni kọ̀ǹpútà bi mí pé, ṣé kí n pa ìyá ẹ rẹ́? Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni, yára.

Gbóyèga fa wáyà yọ jẹ́jẹ́. "Ó kọ̀ ṣá. Tó bá kọ̀, bóyá kò tíì dé ibi tí yóò ti nù ún. Má fọwọ́ kàn án mọ́. O gbọ́? Má tilẹ̀ wò ó."

Mo ti purọ́ tó, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan. Lẹ́yìn tí ẹ̀rù bà mí tán, fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, inú mi dùn. Tó bá ti nù, ìjẹ́wọ́ mi náà ti nù. Màá sọ pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́, wọ́n á bá mi kẹ́dùn, Injiníà á ṣì máa jẹ́ Injiníà. Ìṣẹ́jú kan péré. Lẹ́yìn náà mo rántí ohùn bàbá mi: bí ẹni tí kò ní ẹnìkan. Mo lọ fi omi tútù bọjú, ní ìlú tí kò sí omi mìíràn ju tútù lọ.

*

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé níbo ni ilé mi. Mo máa ń nawọ́ sí ọ̀nà ilé tí a háyà. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan. Tí mo bá gbá ẹsẹ̀ mọ́ òkúta, Èkìtì ni mo fi ń pariwo. Tí pòtétò bá já bọ́ lẹ́sẹ̀ mi, mi ò tíì bú u lédè òyìnbó rí. Mo rò pé ibi tí a ti lè bú nǹkan láìronú ni ilé.

Ibí náà ṣì ń gbà mí díẹ̀ díẹ̀ ṣá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì àárọ̀ ti ń gbé ìka kan sókè fún mi báyìí tí mo bá wọlé. Ìka kan ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ ṣe é, mo pe ilé, mo sọ fún wọn. Àǹtí Fúnmi ní, "Ìka kan? Kí ló ṣe àwọn mẹ́rin tó kù?"

*

Lára ògiri ibi tí a ti ń jẹun níbi iṣẹ́, ìwé kan wà tí mo máa ń fi ẹ̀yìn tì. Ọjọ́ Wẹ́sìdé ni mo tó kà á: gbogbo ọ̀sán Tọ́sìdé, àwọn àgbàlagbà kan máa ń jókòó sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bá ènìyàn tún nǹkan tó bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà níbẹ̀. Bí mo ṣe kàwé náà nìyẹn.

Bàbá mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ní ọ̀la. Mo ní íńtánẹ́ẹ̀tì ò lágbára. Ó ní, "Ní ìlú òyìnbó?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, níhìn-ín náà ni.

Tọ́sìdé, bí mo ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́, mo sáré lọ. Ọkùnrin tí wọ́n júwe fún mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, Dọ́nkàn lorúkọ rẹ̀, ó gbé ìgò ojú sórí orí, ó tún ń wá ìgò ojú káàkiri tábìlì. Nínú ọkàn mi, kíá ló ti di Baba Dọ́nkàn. Mo gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó bi mí lóhun tí mo ti ṣe sí i. Mo sọ fún un. Nígbà tí mo dé orí ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ó dijú bí ẹni tí eyín ń dùn.

Kò tan ẹ̀rọ. Ó gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá sí ihò tí wáyà ń wọ̀, ó wò ó títí. Ó mú igi tín-ín-rín kan, ó fi họ inú rẹ̀. Ó gbọ̀n ọ́n sórí bébà funfun.

Eruku pupa ló já bọ́. Díẹ̀ ni, bí ìyọ̀ tí a fi ìka méjì mú. Ó ti gan pa nínú ihò náà.

"Níbo lèyí ti wá?" ó bi mí.

Mo mọ̀ ọ́n kí n tó fi ìka kàn án. Inú àpò ṣòkòtò tí mo fi ń lọ sóko ni ẹ̀rọ yẹn ń gbé. Ojú ọ̀nà oko bàbá mi ni. "Ilé ni, sà," mo ní.

Ó rọra ṣàlàyé fún mi, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, mo sì dúpẹ́ fún un. Ó ní eruku yẹn ni kò jẹ́ kí wáyà fẹnu ko ẹnu. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ á já kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń nu nǹkan. Ó ní, "Tí ihò yìí bá mọ́ ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí o tẹ̀ ẹ́, ó ti tán."

Mo wo eruku yẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo ti ń bú ẹ̀rọ pé ó kọ̀. Ilẹ̀ Ìkòrò ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, tó ní kò sẹ́ni tó máa gbé Màmá Àgbà jáde báyẹn.

"Ṣé ẹ lè yọ ohùn rẹ̀?"

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Má tíì yọ̀."

Ó di bọ́tìnnì méjì mú, kì í ṣe àwọn méjì tèmi. Àmì yẹn dúró, kò lọ mọ́. Ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kọ̀ǹpútà náà sì rí i bí àpò lásán tí nǹkan wà nínú ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o díẹ̀ díẹ̀. Ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Mo ti kórìíra ìlà. Ó dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kẹ́, kẹ́, kẹ́, bí ẹni ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn. Baba Dọ́nkàn fọwọ́ kàn án, ó yára yọ ọwọ́.

"Ó ń gbóná. Ó ń kú lọ. Tó bá dúró, kò ní í tún bẹ̀rẹ̀."

"Kí la máa ṣe?"

Ó dìde, ó ṣí fèrèsé. Òtútù wọlé bí ọlọ́pàá. Ó fi wáyà gígùn gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn fèrèsé, sórí òkúta tí yìnyín wà lára rẹ̀, ó fi ọwọ́ dì í mú kó má bàa já bọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n dì í mú. Mo na apá síta. Òtútù tí mo ti ń bú látọjọ́ tí mo ti dé, mo wá ń sọ fún un nínú ọkàn mi pé jọ̀ọ́, sí i, sí i. Ìlà dé ìlàjì. Ọwọ́ mi ò mọ nǹkan mọ́. Kẹ́, kẹ́. Ó dákẹ́. Èmi àti Baba Dọ́nkàn wo ara wa. Kẹ́. Ìlà sún. Ó ń sún. Mi ò mí. Ó pé.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ̀rọ náà kú sí mi lọ́wọ́ pátápátá. Kò tún tàn mọ́ títí dòní.

Baba Dọ́nkàn tẹ kọ̀ǹpútà. Nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, láàárín àwọn ìyá òyìnbó tó ń dúró kí wọ́n tún kẹ́tùlù wọn ṣe, Màmá Àgbà tún ọ̀fun ṣe. Ó ní ọmọ olókè tí í fi kùrukùru bora ń lọ o. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá yẹn gbé ife rẹ̀ sílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dọ̀bálẹ̀.

Baba Dọ́nkàn dúró kí n dìde. Mo wá ní, "Sà, ọ̀rọ̀ kan wà níparí rẹ̀. Ṣé ẹ lè gé e kúrò?"

"Kò le rárá. Ibo?"

Ó fà á dé ìparí. Mo gbọ́ ohùn mi: "Màmá, mi ò parí ìwé." Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ó ń wò mí lójú, kò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Mo ti gbàgbé ìyókù rẹ̀, torí pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbọ́ ọ, mo sì fi ọwọ́ di etí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ díẹ̀, mo wá gbọ́ Màmá Àgbà: "Sọ fún bàbá rẹ." Mo gbọ́ ara mi: "Mi ò lè sọ ọ́, Màmá." Ó wá ní: "Tó bá dọjọ́ tí mò ń lọ, kó o sọ ọ́. Má jẹ́ kí n gbé e dání jáde."

"Níbí?" Baba Dọ́nkàn bi mí.

"Rárá, sà," mo ní. "Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

*

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti pe bàbá mi. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ dáadáa. Gbogbo rẹ̀ sá lọ.

"Sà, ohùn Màmá ti wà. Ṣùgbọ́n mo wà nínú rẹ̀. Níparí. Mo ń sọ fún wọn pé mi ò parí ìwé. Mi ò parí ìwé, sà. Ọdún kejì ni mo kúrò."

Mo ń bá a lọ.

"Èmi kì í ṣe injiníà, sà. Pòtétò ni mò ń ṣà."

Mo gbọ́ ewúrẹ́. Mo gbọ́ àwọn tó ń kan àgọ́ fún ọ̀la. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo wo fóònù bóyá ó ti gé.

"Ohùn ìyá mi," ó ní, "ṣé ó pé?"

"Ó pé, sà."

"Fi ránṣẹ́."

Ó gé e.

*

Lọ́jọ́ Fúráìdé, Àǹtí Fúnmi gbé fóònù sókè kí n lè máa wo ilé. Àkókò ìsinmi ni níbi iṣẹ́, mo wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, láàárín àpò pòtétò. Bébà tí mo di eruku yẹn sí wà ní àpò àyà mi. Ọyẹ́ ti bo Ìkòrò, gbogbo nǹkan rí funfun. Pósí wà nílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Fíkà ti wo aago.

Ohùn Màmá Àgbà jáde látinú sípíkà. Àwọn ará Ẹ̀fọ̀n kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lóhùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyàwó ilé kúnlẹ̀. Ó dágbére fún ẹnu ọ̀nà, pósí rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà gan-an. Ó dágbére fún bàbá mi. Bàbá mi dúró gbọnrangandan, ó di fìlà mú láyà.

Ó parí. Àwọn tó fẹ́ gbé e bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo rò pé bàbá mi ti gé ìyókù kúrò. Sípíkà wá ní, sí gbogbo Ìkòrò: "Màmá, mi ò parí ìwé. Ọdún kejì ni mo kúrò."

"Yéè!" Àǹtí Fúnmi ní. "Ta nìyẹn? Ṣé ìwọ kọ́ nìyẹn?"

"Mo mọ̀," Màmá Àgbà dáhùn látorí sípíkà. "Oorun tí o máa ń sùn nínú ulé yìí, kì í ṣe oorun ọmọ tó ń kàwé."

Gbogbo agbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń gbé pósí ń rẹ́rìn-ín. Fíkà fi ìwé àdúrà bo ẹnu. Àǹtí Fúnmi ń rẹ́rìn-ín débi pé fóònù ń gbọ̀n, ojú ọ̀run ni mò ń wò. Ẹ̀rín ọ̀hún sì gùn, ó gùn títí ohùn Màmá Àgbà fi sọ ìkẹyìn: "Má jẹ́ kí n gbé e dání jáde." Gbogbo wọn wá dákẹ́.

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè sí àwọn tó ń gbé e pé kí wọ́n dúró. Ó lọ bá pósí, ó tẹ̀ síwájú, ó fọwọ́ lé e.

"Màmá," ó ní, "mo ti gbọ́. Ó ti sọ ọ́. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ máa lọ."

Wọ́n gbé e. Ó kọjá ẹnu ọ̀nà.

Bàbá mi yí padà, ó ń wá fóònù, ó gbà á lọ́wọ́ àǹtí mi, ó gbé e súnmọ́ ojú jù, irùngbọ̀n rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ń dúró kó pè mí ní Injiníà, kó fi mí ṣẹ̀sín, mo ti múra. Oríkì mi ló pè, èyí tí Màmá Àgbà sọ mí, tí kò tíì pè mí láti ọjọ́ tó pa adìyẹ. Mi ò ní í sọ ọ́ fún yín.

"Sà," mo ní.

"Padà sídìí pòtétò rẹ," ó ní. "Má jẹ́ kí wọ́n lé ọ."

Mo padà.